Kí Ẹnìkejì Tó Wọlé: Ètò Ìnáwó Òbí Tí Ó Ń Dá Tọ́ Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú, tí a sì tẹ̀ síhìn-ín fún àǹfààní àwọn ọmọ ìlú tí kò lè wá.

Ọgbọ́n kò pọ̀ ní orí wa ju ti ẹlòmíràn lọ; ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, nítorí náà ohun tí a rí kó jọ láti ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni a fẹ́ gbé sí iwájú yín.

Ọ̀rọ̀ owó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó àwọn olówó. Owó òbí kan ni, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe baba, tí ó ń ṣiṣẹ́ oṣù tàbí tí ó ń ṣòwò, tí ó sì ń dá nìkan tọ́ ọmọ. Ikú lè ti mú ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ìjà lè ti tú wọn ká. Ìrìn-àjò sì lè ti gbé ọkọ lọ láìpadà. Nígbà tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá ti dá gbé ẹrù náà fún ọdún díẹ̀, Ọlọ́run lè bá a ṣe é kí ó rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn, kí àwọn méjèèjì sì fẹ́ máa gbé pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Ohun ìdùnnú ni èyí, a kò sì wá síhìn-ín láti ba ìdùnnú ẹnikẹ́ni jẹ́. Ohun tí a wá sọ ni pé láàárín ọjọ́ tí ẹni méjì gbà láti gbé pọ̀ àti ọjọ́ tí ẹrù ẹnìkejì wọ inú ilé, iṣẹ́ ìṣirò kan wà tí ó yẹ kí a ṣe. Igi gogoro má gùn mí lójú, láti òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ẹnìkan lè bi wá pé: ǹjẹ́ àwọn baba wa ṣe irú ìṣirò báyìí rí? Wọn kò ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ó mú un wá. Ní ayé ìjelòó, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú kì í dá wà. Ẹbí ọkọ a ṣú u lópó, a fi àwọn ọmọ sí abẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò olóògbé. Oko a wà tí a ti ń wa iṣu. Ìyá àgbà a wà ní ẹ̀yìnkùlé tí yóò gbé ọmọ pọ̀n nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sí ọjà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, agbo ilé sì ni ọwọ́ náà. A kò sọ pé gbogbo àṣà ìgbà náà ni ó dára. Ọ̀pọ̀ opó ni a kò bi léèrè bí ó bá fẹ́ ẹni tí ó ṣú u lópó. Ohun tí a ń sọ ni pé bí owó kan bá sọnù nínú agbo ilé, ènìyàn mẹ́wàá ni yóò fi èjìká gba àdánù náà.

Lónìí, ẹni tí ó ń gbé yàrá méjì ní Ìbàdàn, tàbí ní Ìkòròdú, tàbí ní Peckham ní ìlú London, kò ní agbo ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èjìká kan ṣoṣo ni ó ní. Ẹ sì jẹ́ kí a rántí ohun tí èjìká náà ti rù láìpẹ́ yìí ní ilé níhìn-ín. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ iye lítà kan ju ìlọ́po méjì lọ, owó ọkọ̀ sì tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná mànàmáná àwọn tí ó wà ní ìpele A, àwọn tí a ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, fò láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà fún yúnìtì kan. Ní oṣù Keje ọdún 2024, òfin gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ láti 30,000 náírà sí 70,000 náírà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ọmọ ní ilé-ìwé mọ̀ pé ọjà ti sáré kọjá kí òfin tó dé. Ní irú àkókò báyìí, ohun tí ó lè ti ilé òbí kan ṣubú kò ní láti tóbi.

Ẹ mọ ilé yín bí ó ti wà

Ìṣirò àkọ́kọ́ ni ti ilé bí ó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe é ní orí lásán. Àwọn ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó ń gba àjọ lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn láìkọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì ṣì í. Ṣùgbọ́n alájọ Ṣómólú kò pọ̀ láyé. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún oṣù mẹ́ta, ẹ kọ gbogbo owó tí ó wọlé àti gbogbo owó tí ó jáde sínú rẹ̀, títí dé owó búrẹ́dì àti owó ọ̀kadà. Oṣù kan kò tó, nítorí oṣù tí ọmọ wọlé sáà kì í rí bí oṣù ìsinmi.

Owó méjì ni ó sábà máa ń tan òbí jẹ nínú ìwé yìí: owó ilé àti owó ilé-ìwé. Wọn kì í wá lóṣooṣù. Owó ilé a sùn fún oṣù mọ́kànlá, a sì jí ní oṣù kejìlá pẹ̀lú ariwo. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ilé yíyá ti ọdún 2011 kò gbà kí onílé bèèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Síbẹ̀ owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe eré fún ẹni tí ń gba owó oṣù. Nítorí náà ẹ pín owó ilé sí ọ̀nà méjìlá, ẹ pín owó sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ̀nà méjìlá, kí ẹ sì kà wọ́n mọ́ ìnáwó oṣooṣù, bí ẹni pé onílé àti ọ̀gá ilé-ìwé ń kan ilẹ̀kùn yín ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, tí ó bí ọmọ méjì, tí owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ 180,000 náírà. A kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Àwa ni a to ìṣirò náà kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Báyìí ni ìnáwó rẹ̀ lọ ní oṣù kan:

Owó ilé, 480,000 náírà lọ́dún: 40,000 náírà.
Owó ilé-ìwé ọmọ méjì, 70,000 náírà ní sáà kan: 17,500 náírà.
Oúnjẹ: 70,000 náírà.
Owó ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, 800 náírà lójúmọ́ fún ọjọ́ 22: 17,600 náírà.
Iná, gáàsì àti omi: 11,000 náírà.
Ilé ìjọsìn, ẹgbẹ́ àti ẹbí: 6,000 náírà.
Òògùn àti ìtọ́jú ara: 4,000 náírà.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 166,100 náírà. Ohun tí ó kù jẹ́ 13,900 náírà. Ẹ wo owó kékeré yìí dáadáa. Bí ìyá yìí kò bá fọwọ́ kàn án fún ọdún kan gbáko, yóò di 166,800 náírà. Ìyẹn ni pé ọdún kan ni yóò fi ṣọ́wọ́ ná kí ó tó ní ìnáwó oṣù kan péré ní ìpamọ́. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó nìyí, kì í sì í ṣe ẹ̀gàn, nítorí ṣe-bí-o-ti-mọ kì í tẹ́. Ṣùgbọ́n kí òun àti ẹni tí ń bọ̀ jọ mọ̀ pé bí odi ilé náà ti nípọn tó nìyí.

Ẹ ka ohun tí yóò jẹ mọ́ ohun tí yóò mú wá

Nísinsìnyí, ẹnìkejì ń bọ̀. Ó jẹ́ ọmọlúwàbí, ó sì ti sọ pé òun yóò máa mú 60,000 náírà wá sí ilé lóṣooṣù. Ìyá yìí a dúpẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí ná 60,000 náírà náà ní ọkàn rẹ̀: a ó kúrò ní yàrá méjì bọ́ sí mẹ́ta, a ó mú àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé tí ó gbówó lórí. Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ ti dúró díẹ̀.

Àgbàlagbà tí ó bá wọ ilé a máa jẹun. A máa wẹ̀, a máa lọ aṣọ, a máa tan fáànù ní òru. Ẹbí rẹ̀ a di ẹbí ilé náà: ìkómọjáde ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìsìnkú ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, aṣọ ẹbí láàárín méjèèjì, àlejò tí a kò lè fi omi tútù nìkan ṣe lálejò. Ẹ jẹ́ kí a fi 25,000 náírà kún oúnjẹ, 6,000 náírà kún iná, gáàsì àti omi, kí a sì fi 10,000 náírà kún ọ̀rọ̀ ẹbí. Ó di 41,000 náírà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 60,000 náírà tí ó mú wá, 19,000 náírà ni ó kù. Èyí gan-an ni èrè tí wíwá rẹ̀ mú bá àpò ilé. Kì í ṣe ọgọ́ta, mọ́kàndínlógún ni.

Mọ́kàndínlógún náà kì í ṣe ohun kékeré. Bí a bá fi kún 13,900 náírà ti tẹ́lẹ̀, ilé yóò máa pa 32,900 náírà mọ́ lóṣù. Ìnáwó oṣù kan, tí ó ti di 207,100 náírà báyìí, yóò ti wà ní ìpamọ́ kí oṣù keje tó parí, níbi tí ó ti ń gba ọdún kan tẹ́lẹ̀. Ẹni méjì tí ó fi òótọ́ bá ara wọn lò dára ju ẹnìkan lọ. Kò sí ẹni tí ó jiyàn èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ yí ìwé sí ojú kejì. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì ńkọ́? Bí ọjà rẹ̀ bá dúró, tàbí tí ọkàn rẹ̀ bá yí padà, tí kò mú owó wá mọ́, ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń gbé ilé? 41,000 náírà ìnáwó yóò dúró, 60,000 náírà yóò lọ. Ilé tí ó ń ṣẹ́ 13,900 náírà kù tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ gbèsè 27,100 náírà lóṣù. Owó tí ìyá yìí fi ọdún kan kó jọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín oṣù mẹ́fà. Owó sáà ni yóò kọ́kọ́ kan, a ó sì lé ọmọ wá sílé láti ilé-ìwé nítorí ọ̀rọ̀ tí kò dá sí. Ìdí abájọ ọ̀rọ̀ wa nìyí, ẹ̀yin ará. Ọmọ ni ó ń san gbèsè ìṣirò tí àgbà kò ṣe.

Nítorí náà, ìlànà kan ni a ń dá lábàá fún ọdún àkọ́kọ́. Kí owó ilé àti owó ilé-ìwé dúró lórí owó ẹni tí ó ti ń san án tẹ́lẹ̀. Kí owó ẹnìkejì gbé oúnjẹ, iná àti ọ̀rọ̀ ẹbí, kí èyí tí ó bá kù sì bọ́ sí ìpamọ́. Kí a má ṣe kó lọ sí ilé ńlá, kí a má ṣe pààrọ̀ ilé-ìwé, títí a ó fi san owó ilé ọdún kan papọ̀ tí a ó sì rí i pé kò mì. Kí orúkọ tí ó wà lórí rìsíìtì owó ilé má yí padà kí ọdún náà tó pé, kí a sì sọ fún onílé pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbé, kí ó má di ìjà lẹ́yìn ọ̀la. Bí ẹnìkejì bá kùnà, ojú yóò ro wá, ṣùgbọ́n òrùlé kò ní ṣí, ọmọ kò sì ní jókòó sílé.

Kí olúkúlùkù tú àpò rẹ̀ sílẹ̀

Ìṣirò tí a ṣe yìí kò lè pé bí ẹnìkan bá fi ìdajì ìwé rẹ̀ pamọ́. Kí ẹrù tó wọlé, kí àwọn méjèèjì jókòó ní ọjọ́ kan tí kò sí ọmọ nítòsí, kí wọ́n sì bi ara wọn ní ìbéèrè wọ̀nyí láìbínú. Èló ni ó ń dé ọwọ́ rẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ohun tí wọ́n ń yọ? Ta ni ó ń jẹ lára owó náà: ìyá, àbúrò, ọmọ tí ó wà níbòmíràn? Gbèsè wo ni ó wà nílẹ̀, yálà ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ti báńkì, tàbí ti àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù? Ǹjẹ́ o ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni a máa ń gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ a máa yọ owó lára owó oṣù onídùúró bí ẹni tí ó yá a kò bá san án, ilé tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ a sì kàn ṣàdédé rí i pé owó oṣù ti gé. Ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ẹni tí ó dúró fún un wà ní ìdí igi náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe gbàgbé òbí kejì tí ó bí ọmọ, bí ó bá wà láàyè. Bí ìyá bá lọ́kọ mìíràn, ọmọ kò di aláìníbaba. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ wa ti gbà wọlé, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti gba ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ti mọ, ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ rẹ̀. Kí a má ṣe gbé ẹrù baba ọmọ lé ẹni tuntun lórí láìbéèrè. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìṣirò, owó tí kì í wá déédéé, kí a má kà á sí owó. Ọjọ́ tí ó bá dé, kí ó lọ tààrà sínú owó ilé-ìwé.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé ìṣirò láàárín ẹni méjì tí ó fẹ́ràn ara wọn kò fi ìgbẹ́kẹ̀lé hàn, àti pé ọkùnrin tí a bá ń bi léèrè owó yóò rò pé a ti rí òun fín. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó bá wọ ilé tí obìnrin ti ń san owó rẹ̀ ní ìtìjú kan tí ó ń rù tẹ́lẹ̀, ẹnu ayé sì ń fi kún un lójoojúmọ́. Ìwé tí ó fi hàn gbangba pé oúnjẹ àti iná ilé wà ní ọwọ́ rẹ̀ kì í rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ipò tí ó lè dúró sí ni ó fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni baba tí ó ń dá tọ́ ọmọ, tí ó sì fẹ́ mú aya wọlé. Kí ó má fojú sí owó òwò obìnrin náà bí ẹni pé owó oúnjẹ ni. Nínú àṣà wa, owó òwò obìnrin jẹ́ tirẹ̀. Bí ilé bá jẹ ẹ́ tán ní oṣù mẹ́ta, ìyàwó di aláìníṣẹ́, baba ọmọ sì ti fi ẹnu kan kún àwọn tí ó ń bọ́.

Ohun tí ó jẹ́ ti ọmọ

Owó kan wà tí kò yẹ kí ó wọ inú àpò ilé rárá, owó ọmọ ni. Kí ó ní àpò tirẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ báńkì lè fi í sí ọwọ́ alájọ: 450 náírà lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ 13,500 náírà, alájọ a sì mú owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀. Èésú náà wà, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń dá jọ tí wọ́n ń kó fún ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan. Samuel Johnson ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó sì ti pẹ́ kí ó tó kọ ọ́. Ẹ gbìyànjú kí kíkó yín bọ́ sí oṣù tí sáà ń wọlé.

Ìwé mẹ́ta sì wà tí ó yẹ kí a tún yẹ̀ wò. Èkínní ni ìwé ìfẹ̀yìntì. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2014, ní ibi iṣẹ́ tí ètò náà dé, òṣìṣẹ́ a máa dá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ a sì máa fi 10 nínú 100 kún un. Èkejì ni ìbánigbófò ẹ̀mí tí òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe, tí kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó iṣẹ́ ọdún kan. Orúkọ ta ni ẹ kọ sínú ìwé wọ̀nyí ní ọjọ́ tí ẹ gba iṣẹ́? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ orúkọ ẹni tí ẹ ti kọ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ kọ ti ọmọ. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìhágún. Ní àwọn ìpínlẹ̀ wa, ìgbéyàwó alárédè, èyí tí a ṣe lábẹ́ òfin ìjọba, a máa fagi lé ìwé ìhágún tí a ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òbí tí ó ti kọ ilẹ̀ kékeré kan fún ọmọ rẹ̀, tí ó wá lọ sí rẹ́jísírì, lè má mọ̀ pé ìwé náà ti kú. Kí ó tọ agbẹjọ́rò lọ, kí ó sì kọ òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò tiyín le díẹ̀ ju èyí lọ, nítorí ìjọba pàápàá wà nínú rẹ̀. Ilé tí àgbàlagbà kan ṣoṣo ń gbé a máa rí ìdínkù 25 nínú 100 lórí Council Tax. Ọjọ́ tí àgbàlagbà kejì bá sọ ibẹ̀ di ilé rẹ̀, ìdínkù náà sábà máa ń dópin. Ẹni tí ó bá ń gba Universal Credit gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba nígbà tí ẹnìkejì bá wọlé: a ó ka owó iṣẹ́ àti owó ìpamọ́ àwọn méjèèjì pọ̀, bí ìpamọ́ wọn bá sì ju 16,000 pọ́n-ùn lọ, ẹ̀tọ́ náà ti lọ. Kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó ni a fi ń kà á, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé pọ̀ bí tọkọtaya ni.

Ní England, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, òbí tí ó ń ṣiṣẹ́ ti lè rí wákàtí 30 ìtọ́jú ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkókò ilé-ìwé, láti ìgbà tí ọmọ bá ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án títí yóò fi wọ ilé-ìwé. Iṣẹ́ òbí tí ó dá wà nìkan ni a ń wò. Nígbà tí ẹnìkejì bá wọlé, iṣẹ́ tirẹ̀ náà di ohun tí a ń bèèrè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ń gba ju 60,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dún, a ó bẹ̀rẹ̀ sí gba Child Benefit padà díẹ̀díẹ̀ nípasẹ̀ owó orí, tí yóò fi tán pátápátá ní 80,000 pọ́n-ùn, àní bí kì í bá ṣe òun ni ó bí ọmọ náà. Ẹ rí i pé àwọn owó wọ̀nyí lè dínkù ní ọjọ́ kan náà tí àpótí ẹnìkejì wọ ẹnu ọ̀nà, kí owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ ṣírò rẹ̀ ṣáájú, ẹ sì sọ ọ́ fún ìjọba ní kíá. Owó tí a gbà ju bí ó ti yẹ lọ, gbèsè ni, a ó sì san án. Ẹ tún sọ fún ẹnìkejì yín iye tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ilé fún ìyá àti ọmọ. Kí ó wà nínú ìwé bí owó oúnjẹ ti wà, kí ó má di ohun tí a ń ṣe ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ́ wa

Alága wa, ohun kan ni a fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún kí a tó jókòó. Ẹgbẹ́ wa ń fún àwọn ọmọ tí òbí kan ṣoṣo ń tọ́ ní ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ti ní ọkọ tuntun kò yẹ fún un mọ́, nítorí pé baba ti dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìṣirò tí a ṣe wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún àkọ́kọ́, 19,000 náírà lóṣù ni ẹni tuntun náà fi kún agbára ilé, bí ó bá mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Bí kò bá mú un ṣẹ, ilé ti tòṣì ju ti àná lọ. Bí ẹgbẹ́ bá fa ọwọ́ sẹ́yìn ní ọdún náà gan-an, a ti fi ọwọ́ ara wa yọ òpó kan lábẹ́ òrùlé tí a kò tíì mọ̀ bóyá yóò dúró. Yóò sì mú kí àwọn ìyá máa fi ọkọ wọn pamọ́ fún wa, irọ́ yóò sì wọ ìwé ẹgbẹ́. A bẹ̀ yín kí ìrànwọ́ náà máa bá ọmọ lọ fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn tí ẹnìkejì bá wọlé, kí ìgbìmọ̀ sì tún un yẹ̀ wò nígbà náà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, a kò bi ọmọ kankan ní ẹnu ọ̀nà pé ta ni ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ.

A sì bẹ ẹ̀yin òbí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kí ẹ má tijú. Dídá tọ́ ọmọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, títún ilé kọ́ kì í sì í ṣe ìwọra. Ẹ gba àlejò ọkàn yín pẹ̀lú ayọ̀, ẹ se ọbẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ṣí ìwé.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí owó wa ó tó ná, kí ọmọ wa ó ríran ju wa lọ, kí ìlú wa ó sì máa tẹ̀síwájú.